Ọwọ́ Òfì Nídìí Ayùn Iná

MÁ FI ỌWỌ́ ÒFÌ LO AYÙN YÌÍ.

Ọmọ mi obìnrin ló fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ní ẹ̀yìn ilé wa ní Ìṣẹ́yìn. Ó kọ ọ́ gàdàgbà, lókè ayùn gan-an, níbi tí ojú kò ti lè fò ó. Kò sí oníbàárà tó wọlé tí kì í kà á sókè. Àwọn kan a rẹ́rìn-ín. Àwọn kan a béèrè pé ṣé òfì àti ayùn jà ni. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin kan tó wá gba férémù kà á, ó ní òun náà fẹ́ ra irú ayùn bẹ́ẹ̀ fún ọmọ òun, ahunṣọ sì ni ọmọ náà láti kékeré. Mo fà á jókòó, mo ṣàlàyé títí ọkọ rẹ̀ fi pè é lórí fóònù, ó ní ṣé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbin igi tí wọ́n máa fi kan férémù náà ni. Nígbà tó lọ tán, mo ní kí n kúkú kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

Ahunṣọ ni mí. Ìdí òfì ni mo bá ìyá mi, ibẹ̀ náà ni ọmọ mi bá mi. Ó ti mọ aṣọ hun kó tó mọ̀wé kọ dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tó parí ìwé mẹ́wàá, ó ní iṣẹ́ igi ló wu òun. Bàbá rẹ̀ ní kò burú, ó ṣáà yẹ kí ẹnìkan nínú ilé yìí mọ bí wọ́n ṣe ń kan òfì tí gbogbo wa ń jókòó sídìí rẹ̀. Ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ káfíńtà kan nítòsí wa, ó gba fírídọ́ọ̀mù, ó sì dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀. Ó ń kan igi òfì, ó ń kan àpótí ìjókòó, ó ń ṣe wàláà, pákó ìkọ̀wé, fún àwọn ilé kéwú, ó sì ń ṣe férémù fún fọ́tò àwọn tó ṣe wòlímọ̀.

Férémù ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Igun mẹ́rin ni férémù ní, igi méjì ló sì ń pàdé níbi igun kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbọ́dọ̀ gé ẹnu igi méjèèjì dagẹ̀rẹ̀ kí wọ́n lè lẹ̀ mọ́ra láìsí àlàfo. Ayùn ọwọ́ ni ọmọ mi ń lò. Mo máa ń fi èékánná tọ ojú igun náà wò, bí èékánná bá sì wọlé, mo máa ń sọ fún un. Kì í dùn mọ́ ọn nínú. Lọ́jọ́ kan, ó gbé ayùn ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

“Màámi, èékánná yín yìí ló máa jẹ́ kí n ra màítà.”

Màítà ni àwọn káfíńtà ń pe ayùn iná kan tó máa ń dúró lórí tábìlì. Bíléèdì rẹ̀ rí ribiti, eyín yí i ká, ó sì máa ń sọ̀ kalẹ̀ sórí igi bí ẹni tó tẹrí ba. Èyí tí orí rẹ̀ kì í kúrò lójú kan wà. Èyí tí orí rẹ̀ ń rìn lọ rìn bọ̀ lórí irin gbọọrọ méjì náà wà, òun ló lè gé pákó tó fẹ̀. Èyí tó ń rìn ni ọmọ mi fẹ́, nítorí wàláà.

Àyà mi já. N kò ní purọ́, àyà mi kì í pẹ́ já lórí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí. Bàbá rẹ̀ kò jẹ́ kí n gbàgbé pé nígbà tó ń kọ́ kẹ̀kẹ́ gígun, mo sáré tẹ̀lé kẹ̀kẹ́ náà dé òpin àdúgbò, tèmi ti ìró lọ́wọ́.

“Ìyá wọn,” ó ní, “ṣé o tún máa sáré tẹ̀lé màítà ni?”

“Ìka mẹ́wàá ni mo bí mọ́ ọn lọ́wọ́. Mẹ́wàá náà ni mo fẹ́ máa rí.”

“Nítorí náà, kó má rà á?”

“N kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní èmi àti ẹ̀ la jọ máa lọ yàn án.”

Mo gbé tépù. Bí ẹ̀rù bá ń bà mí, mo máa ń wọn nǹkan. Wàláà tó fẹ̀ jù nínú ṣọ́ọ̀bù jẹ́ ínṣì mọ́kànlá. Ọmọ mi fi yé mi pé màítà tí orí rẹ̀ dúró sójú kan kò lè gé e já lẹ́ẹ̀kan, àfi kó gé apá kan, kó yí pákó padà, kó gé apá kejì, ẹnu méjèèjì kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ pàdé. Ó yé mi. Mo gbà pé èyí tó ń rìn la nílò. Mo wọn tábìlì náà, mo sì wọn àyè tó wà láàárín rẹ̀ àti ògiri, nítorí irin tí orí ayùn ń rìn lé lórí máa ń yọ sẹ́yìn. Bí ògiri bá sún mọ́ ọn jù, irin á máa gbá a. A ní láti fa tábìlì náà síwájú díẹ̀. Mo wo jẹnẹrétọ̀ tí bàbá rẹ̀ fi ń fa omi ní oko, mo da iye iná tó lè gbé kọ sẹ́yìn ọwọ́ mi. Nígbà tí a máa jáde, mo gbé wàláà náà sábẹ́ apá.

“Màámi, ẹ ti wọn wàláà náà tán.”

“Tépù lè parọ́. Pákó kì í parọ́.”

Ṣakí la lọ. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń ta irinṣẹ́, ọ̀gá ọmọ mi ló júwe rẹ̀, ó ní kì í bínú bí ènìyàn bá fọwọ́ kan ọjà rẹ̀. Òjò ti wẹ gbogbo ojú ọ̀nà mọ́, koríko ga ní apá Tẹ̀dé débi tí a kò rí màlúù bí kò ṣe ìwo wọn. Ọmọ mi sùn lé mi léjìká. Èmi di wàláà mú.

Bí a ṣe wọlé, ọkùnrin náà wo mi, ó wo ohun tó wà lábẹ́ apá mi.

“Ìyá, ẹ káàbọ̀. Ṣé wàláà lẹ wá tà ni, àbí ẹ wá kọ́ wa ní kéwú?”

“Màítà la wá rà. Wàláà yìí ló máa bá wa yàn án.”

“Ó dáa. Mo ti rí ẹni tí ìyàwó bá wá yan nǹkan. Mo ti rí ẹni tí àna bá wá. Ti wàláà ni n kò tíì rí.”

Ó kọ́kọ́ fi èyí tó tóbi jù hàn wá, tí bíléèdì rẹ̀ jẹ́ ínṣì méjìlá. “Bàbá gbogbo wọn nìyí. Á gé òpó ilé.”

“A kò ní òpó ilé tí a fẹ́ gé.”

“Ọjọ́ iwájú ńkọ́, Ìyá?”

“Ọjọ́ iwájú á wá ra tirẹ̀.”

Mo ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo wo ẹ̀yìn ọwọ́ mi. Iná tó ń jẹ ju ti jẹnẹrétọ̀ wa lọ. Ọkùnrin náà gbé òmíràn wá, tòkúnbọ̀ ni, ó mọ́, ó lẹ́wà, owó rẹ̀ sì rọjú. Ọmọ mi ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Mo tún tẹ̀ síwájú láti ka ohun tí wọ́n kọ sí i.

“Ọ̀gá, iná orílẹ̀-èdè mìíràn ni wọ́n ṣe èyí fún. Bí a bá kì í bọ iná tiwa, á jó.”

“Ẹ ó kàn ra tiransifọ́mà kún un ni.”

“Ayùn, tiransifọ́mà, jẹnẹrétọ̀. Ṣé a ó tún ra ilé tí a máa kó wọn sí?”

“Àbúrò,” ó yíjú sí ọmọ mi, “iṣẹ́ wo ni màmá yín ń ṣe? Lọ́yà ni?”

“Ahunṣọ ni wọ́n,” ọmọ mi fèsì. “Ẹ fara dà á fún wọn. Bí wọ́n ṣe ń ra àlùbọ́sà náà nìyẹn.”

Ó wá ku méjì. Bíléèdì méjèèjì jẹ́ ínṣì mẹ́wàá, orí méjèèjì ń rìn, jẹnẹrétọ̀ wa sì lè gbé méjèèjì. Ọ̀kan ní iná pupa tín-ín-rín tó máa ń tàn sórí pákó níbi tí bíléèdì máa gbà kọjá. Èkejì kò ní iná kankan, àwọ̀ rẹ̀ rí bí eérú, kò tilẹ̀ wuni. Mo gbé wàláà sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì gba abẹ́ méjèèjì. Mo gbé ìbòrí bíléèdì sókè, mo jẹ́ kó bọ́ padà, méjèèjì ń bo bíléèdì bó ṣe yẹ. Mo yan oníná pupa. Lójú tèmi, bí ènìyàn bá rí ibi tí bíléèdì máa gbà, yóò mọ ibi tí kò yẹ kí ọwọ́ òun wà. Ọmọ mi náà ní òun ló wu òun.

“Kó dán an wò,” ni mo sọ. “Ṣùgbọ́n ẹ má kì í bọ iná.”

“Ìyá, wọn kì í dán mọ́tò wò láìsí epo.”

“Èmi a máa dán an wò.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé pákó kan síbẹ̀. Ọmọ mi bọ́ síwájú, ó di ọwọ́ ayùn mú. Ó sọ bíléèdì kalẹ̀ ní ìparí pákó lọ́hùn-ún, ó sì fà á wá sí àyà ara rẹ̀, wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ẹ̀rín kúrò lójú ọkùnrin náà.

“Àbúrò, ọpẹ́ ni pé iná kò sí níbẹ̀. Wò ó. Bíléèdì yìí ń yí. Bí o bá fà á sọ́dọ̀ ara rẹ nígbà tó ń jẹ igi, eyín rẹ̀ á gun orí igi bí ìgbà tí táyà bá gun òkè, gbogbo orí ayùn á sì fò bọ̀ wá bá ọ. Kọ́kọ́ fà á bọ̀ lókè, kó má kan igi. Sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Kí o wá tì í lọ.”

Irú èyí tí kì í rìn ni wọ́n ní lọ́dọ̀ ọ̀gá ọmọ mi, nítorí náà kò sẹ́ni tó kọ́ ọ rí. Ó ṣe é bí ọkùnrin náà ṣe wí. Ó fà á bọ̀ lókè, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó tì í lọ. Ó dára. Ọkùnrin náà wá ń bi í nípa Ìṣẹ́yìn, pé báwo ni ọ̀gá rẹ̀, ṣé wọ́n ti tún ọ̀nà ọjà ṣe. Ó ń dá a lóhùn, ó ń gé e lọ. Mo rí i pé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tún ti ń fa ayùn bọ̀. Mo sì rí ohun tó burú ju ìyẹn lọ. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kúrò níbi tó wà, ó gba abẹ́ bíléèdì lọ sódì kejì, ó la àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ gba nǹkan tó ń bọ̀.

“Tì í, àbúrò.”

“Mo tì í.”

“O fà á.”

“Mo tì í, ọ̀gá.”

“Ìyá, ẹ̀yin lẹ rí i.”

“Ó fà á,” ni mo wí.

Ọmọ mi fi ayùn sílẹ̀. “Ó dáa, ẹ̀yin náà ẹ bọ́ síbẹ̀.”

Mo bọ́ síbẹ̀. Mo ń sọ ọ́ sínú pé tì í, tì í, mo sì tì í. Mo tún un ṣe, mo tì í. Ìgbà náà ni ìyàwó ọkùnrin náà gbé oúnjẹ rẹ̀ wọlé. Mo kí i pé ó káàbọ̀, mo ní báwo ni àwọn ọmọ. Kí n tó gbọ́ èsì, ọwọ́ ayùn ti wà ní àyà mi.

“Ṣé ìdílé yín ló máa ń fa nǹkan báyìí?” ọkùnrin náà béèrè. “Ìyá Ìbejì, ìwọ wá dán an wò.”

Ìyá Ìbejì gbé abọ́ oúnjẹ kalẹ̀, ó nu ọwọ́, ọkọ rẹ̀ sì fi ọ̀nà rẹ̀ hàn án lẹ́ẹ̀kan péré. Ó tì í lọ. Ó tún tì í lọ. Ó ń rojọ́ iyọ̀ ọbẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, ó ń tì í lọ.

“Ta ló kọ́ ọ?” mo bi í.

“Gàrí ni mo ń yan ní Ìgànná kó tó fẹ́ mi. Ẹni tó bá ń fa gàrí gbígbóná mọ́ra, ikùn ara rẹ̀ ló ń yan.”

Mo wo ọwọ́ ara mi. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò hunṣọ rí. Bí a bá jókòó sídìí òfì, okùn òwú máa ń nà gbọọrọ níwájú wa títí dé ibi òkúta tí a so ó mọ́ lókèèrè. Ọwọ́ ọ̀tún á ju ọ̀kọ̀ tó gbé òwú gba àárín okùn kọjá, ọwọ́ òsì á ti là sílẹ̀ lódì kejì láti gbà á. Lẹ́yìn náà, a ó fa asà, igi tó ń tẹ òwú pọ̀, wá sí àyà wa. Jù, gbà, fà. Láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, láti ìgbà tí a ti wà lọ́mọdé. Ọwọ́ kì í bi orí léèrè mọ́. Ohun tí ọmọ mi ń ṣe nídìí ayùn náà kò ṣàdédé wá. Aṣọ ló ń hun.

“Òfì ni,” mo sọ fún wọn.

Ọkùnrin náà wo ọwọ́ ọmọ mi. “Á fi í sílẹ̀ tó bá pẹ́ nídìí rẹ̀, Ìyá.”

“Kó tó pẹ́ nídìí rẹ̀ ńkọ́?”

Mo gbé wàláà mi, mo yí padà sí ẹnu ọ̀nà. Ọmọ mi kò tẹ̀lé mi, ó jókòó lórí páálí kan, ó gbé ojú sílẹ̀.

“Màámi, ó ti wù yín tẹ́lẹ̀ kí a padà sílé lọ́wọ́ òfo.”

“Rárá o.”

“Ṣé kí n jáwọ́ nínú òfì kí n tó lè gé igi? Òfì ni mo fi ń rówó ra igi.”

Ohun tó sọ jẹ́ òtítọ́, ìka rẹ̀ sì wà níwájú mi, ó fi ń ha páálí. Mo ń wo ohun gbogbo yàtọ̀ sí ojú rẹ̀, ojú mi sì bọ́ sára ayùn aláwọ̀ eérú náà. Kókó irin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Kí ni èyí wà fún?”

“Láti de orí rẹ̀ ni,” ọkùnrin náà wí. “Bí ẹ bá yí i le, kò ní rìn mọ́. Á máa lọ sókè sódò nìkan bíi ayùn ọ̀gá ọmọ yín. Oníná pupa náà ní tirẹ̀.”

Mo ní kó yí ti oníná pupa le. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo fà á bí ẹni tó ń fa asà. Ó rọra yọ́ bọ̀. Mo ní kó yí i le sí i, ó sì tún yọ́ bọ̀. Mo bọ́ sídìí aláwọ̀ eérú. Mo fà á. Kò mira. Mo pe ọmọ mi, ó dìde, ó fi gbogbo agbára fà á débi tí tábìlì ọkùnrin náà fi sún. Orí ayùn kò kúrò lójú kan.

“Férémù kò fẹ̀,” ọmọ mi wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. “Àpótí ìjókòó kò fẹ̀. A lè dè é fún gbogbo ìyẹn. Wàláà nìkan ló máa gbà kí n tú u.”

“Ọjọ́ tí o bá hunṣọ ńkọ́?”

“Ọjọ́ tí mo bá jókòó sídìí òfì, n kò ní tú u.”

“Ọwọ́ òsì yẹn ńkọ́, tó ń lọ gba ọ̀kọ̀?”

Ọkùnrin náà ló dáhùn èyí. Ó mú kìláǹpù méjì wá, irin tí wọ́n fi ń há igi mọ́ tábìlì. Ó ní bí igi bá ti wà nínú kìláǹpù, kí ó ki ọwọ́ òsì sẹ́yìn ara rẹ̀, kí ó máa mú nǹkan kan dání níbẹ̀. Ìyá Ìbejì ní kó mú ìbàdí ara rẹ̀, kò sí ohun tó tún sún mọ́ ọn ju ìyẹn lọ. A ra aláwọ̀ eérú náà, àti kìláǹpù méjèèjì. Iná pupa náà dára, mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀ títí di òní, ṣùgbọ́n iná kò lè di ọwọ́ mú.

Nígbà tí a délé, n kò jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Pálọ̀ ni mo ní kí wọ́n gbé e sí, jìnnà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì iná. Lálẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ìrun ìṣáì, ọmọ mi a tú orí rẹ̀, a máa gé pákó láìgé e, èmi a sì jókòó tì í láti máa dà á láàmú. Mo ti rí i ní Ṣakí pé ọ̀rọ̀ ló ń sọ ọwọ́ di ti òfì padà. Mo ń rojọ́ ará ilé, mo ń béèrè ohun tí mo ti mọ̀, mo ń bínú lórí abọ́ tí kò fọ. Nígbà mìíràn ó fà á, mo máa ń sọ pé “òfì”, a sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Bàbá rẹ̀ gbé oúnjẹ rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ní eré yìí dára ju ti tẹlifíṣọ̀n lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ewúrẹ́ kan tó wọ mọ́sálásí nígbà tí wọ́n ń kírun. Ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín débi tí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì ń ti ayùn lọ, ọwọ́ òsì wà ní ìbàdí. Nígbà tó ti rí bẹ́ẹ̀ lálẹ́ bí mélòó kan, láìsí pé mo sọ “òfì” rárá, mo ní kí wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀yìn ilé.

Wàláà ló kọ́kọ́ fi iná gé. Kò jókòó sídìí òfì lọ́jọ́ náà. Ó ní Bísímílà. Ó fà á bọ̀ lókè, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó tì í. Ariwo rẹ̀ pọ̀, ìyẹ̀fun igi fò bò mí níbi tí mo dúró sí lẹ́nu ọ̀nà, pákó náà sì já kí n tó rántí mí èémí. Ẹnu rẹ̀ tọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọmọ mi pa iná, ó dúró títí bíléèdì fi dákẹ́ yíyí kó tó tú kìláǹpù. Lẹ́yìn náà ló wá ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ohun tó kọ sára ògiri.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin tó ń ka èyí. Bí ẹ bá fẹ́ ra màítà tó ń rìn fún ọmọ yín tàbí fún ara yín, ẹ wọn pákó yín, ẹ ka iye iná tó ń jẹ, ṣùgbọ́n ẹ má dúró síbẹ̀. Ẹ ní kí ẹni tó máa lò ó dán an wò lójú ẹni tó ń tà á, láìkì í bọ iná. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ bó ṣe ń ṣe é, ẹ mú un rẹ́rìn-ín, kí ẹ sì wo ibi tí ọwọ́ méjèèjì ń lọ. Bí ẹni tó ń tà á kò bá gbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lọ rà á lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.